Ọdún 11 ìgbéyàwó wa: ìyàwó mi ò fẹ́ pátí, ó ní ká kàn jọ jáde. Níbo l'Óṣogbo?

Bàbá_Ìbejì_Òkèfíà
Ọjọ́ Ajé, 9:12 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ mi ò le, àmọ́ ó ti ń dà mí láàmú láti ọjọ́ mẹ́ta. Àbámẹ́ta tó ń bọ̀ yìí ló máa pé ọdún 11 tí èmi àti ìyàwó mi ti fẹ́ra wa.

Nígbà tó pé ọdún 5, mo ṣe pátí gidi. Kánópì 4, àpò ìrẹsì 2, dííjéè, aṣọ ẹbí. Mo yáwó lọ́dọ̀ àwọn alájẹṣẹ́kù wa, oṣù 7 ni mo fi san án. Lọ́jọ́ tí fọ́tò jáde, a jókòó, a ń wò ó. Èmi rèé láàárín àwọn ọmọ ẹgbẹ́ mi. Òun rèé nídìí kúlà, ó ń bu ìrẹsì. Èmi rèé tí wọ́n ń náwó fún mi. Òun rèé lẹ́yìnkùlé, ó ń bá wọn fọ abọ́. A wò ó tán pátápátá, kò sí ẹyọ kan tí àwa méjèèjì jọ wà nínú rẹ̀. Ìyàwó mi ò bínú. Ó kàn ní, "Bàbá Ìbejì, ta lẹ gbé níyàwó gan-an?"

Lọ́dún yìí ó ti tètè sọ ọ́: kò fẹ́ pátí, kò fẹ́ kéèkì, kò fẹ́ kí n ra góòlù. Ó ní ká jọ jáde lọ gbafẹ́, èmi àti òun nìkan, ká jókòó síbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní pe òun ní "Mọ́mì" tàbí "Àǹtí Tíṣà". Owó tí mo yà sọ́tọ̀ ò ju ẹgbẹ̀rún 20 náírà lọ. Níbo l'Óṣogbo yìí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ hòtẹ́ẹ̀lì. Fíríìjì ni mò ń tún ṣe, mo ti wọ kíṣìnnì hòtẹ́ẹ̀lì tó pọ̀ nílùú yìí, mo mọ ohun tí mo rí.

Àdùkẹ́_Aláàdìrẹ
Ọjọ́ Ajé, 9:31 alẹ́

Ẹ kú oríire o. Ọdún 11 kì í ṣe ẹran kékeré lásìkò yìí.

Igbó Ọ̀ṣun ni kí ẹ lọ. Tí ẹ bá sì fẹ́ lọ, ẹ lọ kí oṣù kẹjọ tó wọlé, torí nígbà ọdún Ọ̀ṣun èrò á ti kún, ẹ ò ní rí ibi fẹsẹ̀ tẹ̀, áńbọ̀sì ibi tí ẹ máa jókòó sí. Àárọ̀ ló dáa jù. Hẹ́kítà 75 ni igbó yẹn, wọn kì í dọdẹ níbẹ̀, wọn kì í gégi, wọn kì í pẹja. Òun ló jẹ́ kí àwọn igi ìgbà ìwáṣẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ títí dòní, tí ọ̀bọ sì ń rìn bí ẹni ń lọ sọ́jà. Tí oòrùn bá ń pa gbogbo Ọláìyá, ẹ wọ abẹ́ igi yẹn wò, ẹ máa rò pé ìlú mìíràn lẹ wà.

Ẹ bèèrè owó ìwọlé lẹ́nu ọ̀nà, kí ẹ sì bèèrè bóyá ti kámẹ́rà dá yàtọ̀ kí ẹ tó fa nǹkan yọ. Ibẹ̀ ni ìjà sábà máa ń ti bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ_Ìmọ́lẹ̀
Ọjọ́ Ajé, 9:50 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi o. Ìgbéyàwó tí Ọlọ́run so pọ̀, ẹ fẹ́ lọ dúpẹ́ rẹ̀ nínú igbó òrìṣà? Gbogbo ibi tó wà nílẹ̀ yìí náà?

Àlàájì_Panẹ́bítà
Ọjọ́ Ajé, 10:24 alẹ́

Ọmọ_Ìmọ́lẹ̀, rọra. Mùsùlùmí ni mí, Mùsùlùmí ni bàbá tó bí mi, ilé wa ò sì jìnnà sí Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. Mo ti wọ igbó yẹn tó ìgbà tí mi ò lè kà, kò sẹ́ni tó ní kí n kúnlẹ̀ rí. Ẹni tó fẹ́ bọ á bọ, ẹni tó fẹ́ wòran á wòran, á sì lọ kírun rẹ̀.

Àwọn ère inú ibẹ̀, ọwọ́ èèyàn ló ṣe wọ́n, lójú àwọn bàbá wa. Àdùnní Olórìṣà, òyìnbó tí wọ́n ń pè ní Susanne Wenger, Austria ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1915. Ó dé Nàìjíríà lọ́dún 1950, ó wá fi Òṣogbo ṣelé, ibí náà ló kú sí lọ́dún 2009, lẹ́ni ọdún 93. Àmọ́ kì í ṣe òun nìkan ló ṣiṣẹ́ yẹn, ohun tó máa ń dùn mí nìyẹn tí wọ́n bá ń sọ ìtàn rẹ̀. Adébísí Àkànjí tó ń fi sìmẹ́ńtì ya èèyàn àti ẹranko, Búráímọ̀ Gbàdàmọ́sí tó ń gbẹ́ òkúta, Kàsálí Àkàngbé tó ń gbẹ́ igi. Ẹ tún orúkọ wọn kà. Búráímọ̀! Kàsálí! Ṣé orúkọ abọ̀rìṣà nìyẹn? Lọ́dún 2005 ni UNESCO fi igbó náà sára àwọn ohun ìní gbogbo ayé. Kí ọmọ Òṣogbo má wá wọ̀ ọ́, kí òyìnbó máa ti ìlú òkèèrè fò wá wò ó, mi ò mọ irú ìgbọ́n tá a gbọ́n yẹn.

Bàbá Ìbejì, bi ìyàwó rẹ léèrè ni. Tí ara rẹ̀ bá kọ̀ ọ́, ẹ wá ibòmíràn. Ọjọ́ rẹ̀ ni.

Ọ̀gá_Alásè
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:40 àárọ̀

Àwa tá à ń se oúnjẹ pátí ni gbogbo yín fẹ́ febi pa báyìí 😂

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, torí gbogbo èèyàn ti wá ń fi ẹnu ba pátí jẹ́. Bàbá Ìbejì, ọdún mélòó lẹ ti ń lọ sóde àwọn ẹlòmíràn? Aṣọ ẹbí mélòó lẹ ti rà? Owó tí ẹ ná lé èèyàn lórí, gbèsè ló jẹ́ lọ́rùn onítọ̀hún, òun náà ń dúró de ọjọ́ tó máa san án fún yín. Àwọn tó bá yín ṣe ìgbéyàwó lọ́jọ́sí, iyekan yín, ọmọ ìjọ, ará àdúgbò, ẹ ò kúkú lè máa jẹ tiwọn kí ẹ wá ti ilẹ̀kùn nígbà tó kan yín. Pátí kì í ṣe oúnjẹ nìkan. Ibẹ̀ lẹ ti máa mọ ẹni tó ṣì fẹ́ràn yín, ibẹ̀ lẹ̀gbọ́n àti àbúrò tí wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀ láti ọdún 3 ti máa ń bára wọn pàdé nídìí tábìlì kan. Mo ti rí i lójú ara mi, mo sì ń bu ẹran lọ́wọ́ nígbà náà.

Ohun tó ṣe yín lọ́dún karùn-ún, kì í ṣe ẹ̀bi pátí. Ẹ̀bi yín ni. Ẹ ò gba alásè! Ẹ fi onígbèéyàwó sídìí kúlà.

Bàbá_Ìbejì_Òkèfíà
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:05 ọ̀sán

Ọ̀gá Alásè, ìdájọ́ yín tọ́, mo dọ̀bálẹ̀. Àbúrò mi ló ní òun máa se é, owó ni mo ń ṣọ́. Gbèsè òde tí ẹ sọ yìí náà wúwo o. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti pè láti Ìkìrun lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kí lòun máa sọ fún àwọn ẹgbẹ́ òun. Mo sọ fún un pé tó bá pé ọdún 15, tí Ọlọ́run bá dá wa sí, a ó ṣe é, ẹ̀yin lẹ máa sè é. Àmọ́ ti ọdún yìí, ìyàwó mi ti ní kò sí.

Mo bi í léèrè nípa igbó. Ọmọ Òṣogbo ni, èmi ni ọmọ Ìkìrun. Ẹ̀rín ló rín. Ó ní àtìgbà tóun ti wà ní kíláàsì 5 tí wọ́n kó wọn lọ lòun ò ti débẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ ọdọọdún lòun ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ nípa rẹ̀.

Kò_Tíì_Gbéyàwó
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2:17 ọ̀sán

Ẹgbẹ̀rún 20 fún ọdún 11? Ẹ̀gbọ́n! Èmi ná jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ọ̀rẹ́bìnrin mi lọ́jọ́ ìbí rẹ̀.

Àlàájì_Panẹ́bítà
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2:20 ọ̀sán

Ọ̀rẹ́bìnrin náà ńkọ́?

Kò_Tíì_Gbéyàwó
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2:41 ọ̀sán

Ó ti fẹ́ ẹlòmíràn, Àlàájì. Ẹ fi mí sílẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11:48 alẹ́

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré, mo wà lẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ má mu omi odò náà o, bó ti wù kí ẹnikẹ́ni rọ̀ yín tó. Àwọn tó ń wa góòlù lápá Ìjẹ̀ṣà ti ba omi Ọ̀ṣun jẹ́ láti ọdún bíi mélòó kan sẹ́yìn, ẹ̀yin náà á rí àwọ̀ rẹ̀, bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Omi téèyàn ń mu ni kí ẹ gbé dání. Ẹ sọ fún ìyàwó yín kó má wọ bàtà gogoro, ilẹ̀ ibẹ̀ ń yọ̀ lásìkò òjò, kókósẹ̀ tó yẹ̀ ni mo máa ń rí níbí. Ẹ̀kẹta: ẹ má ṣe é ní àìròtẹ́lẹ̀ fún un. Àwọn ọkùnrin fẹ́ràn kí wọ́n sáré wọlé láago 9 kí wọ́n ní "Múra, à ń jáde." Obìnrin tí kò dirun! Ẹ sọ aago tí ẹ máa kúrò nílé, ẹ sọ ọ́ lónìí.

Awakọ̀_Ìjẹ̀ṣà
Ọjọ́rú, 5:55 àárọ̀

Ẹ lọ sí Olúmirìn, ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà. Ìsọ̀rí 7 ni omi yẹn fi ń já bọ́ látorí òkè. Ẹ lè fi owó mọ́tò lọ kí ẹ sì bọ̀ lọ́jọ́ kan náà. Mo lè gbé yín, ẹ̀dínwó wà.

Àdùkẹ́_Aláàdìrẹ
Ọjọ́rú, 7:10 àárọ̀

Ibẹ̀ dáa gan-an lóòótọ́, mo ti gun ìsọ̀rí 2, orúnkún mi ní ó tó. Àmọ́ ẹni tó fẹ́ jókòó ni ìyàwó Bàbá Ìbejì, ẹ ń rán an lọ gun òkè.

Ìyá_Òkèbaálẹ̀
Ọjọ́rú, 4:30 ìrọ̀lẹ́

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́, tó bá ṣì í kọ, òun ni kí ẹ bá wí.

Ọdún 38 ni èmi àti bàbá wọn fi wà pọ̀ kó tó papòdà. Iṣẹ́ ojú irin ló ń ṣe. Owó ò sí nígbà tá a fẹ́ra, a ò sì ya fọ́tò. Ọdọọdún tí ọjọ́ náà bá ti pé, á fọ ọwọ́ òróró kúrò, á wọ bùbá funfun, á ní, "Ó yá, ká lọ ká lọ." A ó fẹsẹ̀ rìn títí dé ìdí ọjà, a ó ra mọ́ínmọ́ín mẹ́rin, tèmi méjì, tirẹ̀ méjì, a ó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù kan létí ojú irin, a ó jẹ ẹ́. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, bàbá yẹn. Èmi ni mo máa ń sọ̀rọ̀. Ọjọ́ yẹn nìkan lọ́dún ni kì í sọ pé kí n dákẹ́.

Nígbà tí ọwọ́ wa wá dẹ̀ díẹ̀, àwọn ọmọ ní àwọn á ṣe àpèjẹ fún wa. A gbà, wọ́n ṣe é, ó dùn. Ọjọ́ kejì, ó tún wọ bùbá.

Ẹ mú ìyàwó yín lọ síbi tó bá wù yín. Ẹ má gbàgbé oúnjẹ tó fẹ́ràn ni o.

Ọ̀gá_Alásè
Ọjọ́rú, 5:02 ìrọ̀lẹ́

Ìyá, ẹ ti pa mí lẹ́kún. Mo jọ̀wọ́ gbogbo ohun tí mo sọ nípa pátí.

Bàbá_Ìbejì_Òkèfíà
Ọjọ́bọ̀, 10:35 alẹ́

Ìyá, ẹ ṣé gan-an. Mo ka tiyín lẹ́ẹ̀mẹta.

Ètò tó wà nílẹ̀ rèé: igbó láago 9, lẹ́yìn náà ọbẹ̀ gbẹ̀gìrì àti àmàlà ní búkà tó fẹ́ràn, lẹ́yìn náà a ó jókòó sí ọgbà ìgbafẹ́ tó wà ní Gáréèjì Àtijọ́ títí ilẹ̀ á fi tutù. Ìyá mi á wá tọ́jú àwọn ọmọ. Mo ti sọ aago fún un, Nọ́ọ̀sì, ó ti lọ dirun.

Ọmọ_Ìmọ́lẹ̀
Ọjọ́ Ẹtì, 8:15 àárọ̀

Mi ò tíì yí ọkàn mi padà o, àmọ́ mo bá yín yọ̀. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé.

Kò_Tíì_Gbéyàwó
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12:03 ọ̀sán

Ẹ̀gbọ́n, báwo ni? Òjò ńlá ló ń rọ̀ ní ọ̀dọ̀ wa níbí o.

Àlàájì_Panẹ́bítà
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9:20 alẹ́

Bàbá Ìbejì ti dákẹ́. Ìròyìn ayọ̀ nìyẹn.

Bàbá_Ìbejì_Òkèfíà
Ọjọ́ Àìkú, 3:44 ọ̀sán

Ẹ kú ìdúródè. Ẹ jẹ́ kí n rò ó bó ṣe rí.

Márúwá gbé wa dé ẹnu ọ̀nà igbó ní bíi aago 9 kọjá díẹ̀. Ojú ọ̀run ti ń ṣú, mo ṣe bí ẹni pé mi ò rí i. A sanwó, a wọlé. Ìyàwó mi wọ sálúbàtà àti bùbá àdìrẹ, mi ò rí i kó rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tá a bí ìbejì. Nílé, sísáré ló máa ń sáré.

A dé etí odò, ló bá di tíṣà mọ́ mi lọ́wọ́. Ó ní ṣé mo mọ ìdí tí wọ́n fi ń pe ìlú yìí ní Òṣogbo. Mo ní mo gbọ́ ọ fìrí. Ó ní kí n dúró dáadáa. Ó sọ ti Láróòyè tó tẹ ìlú náà dó àti Tìmẹ́hìn ọdẹ, bí wọ́n ṣe ń wá ibi tí omi wà, bí igi tí wọ́n gé ṣe wó sínú odò, tí ohùn kan fi jáde pé, "Oṣó igbó, ẹ ti fọ́ gbogbo ìkòkò aró mi tán!" Ó yí ohùn padà débi pé àwọn òyìnbó méjì tó ń kọjá dúró, wọn ò gbọ́ Yorùbá o, wọ́n kàn ń wo ẹnu rẹ̀. Mo ti gbé obìnrin yìí níyàwó fún ọdún 11, mi ò jókòó sí kíláàsì rẹ̀ rí.

Ibẹ̀ ni òjò ti bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe òjò tí wọ́n ń pè ní òjò. A sáré, a dé abẹ́ òrùlé kan nítòsí ẹnu ọ̀nà, bàbá kan tó ń ṣọ́ ibẹ̀ sún bẹ́ǹṣì fún wa. Wákàtí kan àti ààbọ̀ la fi jókòó síbẹ̀.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì yẹn. Ìyàwó mi dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù lálaalẹ́ láti Ọjọ́ Ajé?" Ara mi tutù. Mo ní ẹ̀yin ni. Ó ní, "Ẹ̀yin wo?" Kò gbà mí gbọ́. Mo fa fóònù yọ, mo fi ojú ewé yìí hàn án. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti òkè. Ó rẹ́rìn-ín Kò_Tíì_Gbéyàwó títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní kí n sọ fún ọ pé kò sí ẹni tí irú rẹ̀ ò ṣe rí. Ó ní Ọ̀gá Alásè ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́gbọ́n wá jù nínú gbogbo yín. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Ìyá, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó kà á tán, ó gbé ọwọ́ lé mi létan, kò sọ nǹkan kan fún ìgbà pípẹ́.

Lẹ́yìn náà ló sọ ohun kan tí mi ò mọ̀. Ó ti ń fẹ́ padà síléèwé láti ọdún 3 sẹ́yìn, kó fi dìgírí kún NCE tó ní. Ó ti gba fọ́ọ̀mù lẹ́ẹ̀kan, kò kún un. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ. Ó ní, "Ìgbà wo? Tí ẹ bá wọlé, jẹnẹrétọ̀ ń dún, àwọn ọmọ ń pariwo, ẹ ti sùn." Mi ò rí èsì. Òtítọ́ ni.

Òjò dá, búkà tá a fẹ́ lọ ti tì pa, omi ti wọlé sí wọn. A wá ra àgbàdo sísun àti àgbọn lọ́wọ́ ìyá kan lójú ọ̀nà Òkè-Fíà, a jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀, a jẹ mẹ́rin, méjì méjì. Ìyàwó mi ló ka iye rẹ̀. Nínú ẹgbẹ̀rún 20 náà, ó ṣẹ́kù ju ìdajì lọ. Ó ti gbà á lọ́wọ́ mi, ó ní owó fọ́ọ̀mù nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́
Ọjọ́ Àìkú, 4:10 ìrọ̀lẹ́

Mo ń sunkún ní kọ́rídọ̀, aláìsàn kan ń bi mí pé ta ló kú. Fọ́tò dà?

Àdùkẹ́_Aláàdìrẹ
Ọjọ́ Àìkú, 4:12 ìrọ̀lẹ́

Fọ́tò! Mo fẹ́ rí àdìrẹ náà. Ṣé aláró ni àbí alámùúlùmálà?

Bàbá_Ìbejì_Òkèfíà
Ọjọ́ Àìkú, 4:50 ìrọ̀lẹ́

Kò sí fọ́tò.

Tiyín ló fà á. Àtìgbà tó ti ń ka ọ̀rọ̀ yín lábẹ́ òjò ni bátìrì ti ń lọ, kó tó dé ìparí fóònù mi kú. Tirẹ̀, ó fi sílẹ̀ nílé fún ìyá mi nítorí àwọn ọmọ. Alẹ́ la tó rántí. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní, "Ọdún karùn-ún, fọ́tò 200, a ò sí nínú ẹyọ kan. Ọdún kọkànlá, ẹyọ kan gan-an ò sí." Ló bá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín, àwọn ọmọ jí.

Aró ni àdìrẹ náà, Àdùkẹ́. Ẹlẹ́kọ.

Ìyá_Òkèbaálẹ̀
Ọjọ́ Àìkú, 6:15 ìrọ̀lẹ́

Ẹ bá mi kí i. Ẹ ní kó kún fọ́ọ̀mù náà kíá, kí wọ́n má tì í.

Kò_Tíì_Gbéyàwó
Ọjọ́ Àìkú, 8:33 alẹ́

Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Àǹtí. Ẹ̀gbọ́n, apá ibo lójú ọ̀nà Òkè-Fíà ni ìyá alágbàdo yẹn wà? Ẹnì kan wà tí mo fẹ́ mú lọ síbẹ̀.

Bàbá_Ìbejì_Òkèfíà
Ọjọ́ Àìkú, 8:40 alẹ́

Tó o bá ti Ọláìyá bọ̀, ọwọ́ ọ̀tún ni, abẹ́ agboòrùn aláwọ̀ ewé. Tètè lọ, kó má ju aago 4 lọ. Àgbọn rẹ̀ kì í pẹ́ tán.